Ààrò Àbúrò Mi Nínú Gbọ̀ngàn Funfun

Iṣẹ́ ìtẹ̀wé ni mò ń ṣe ní Ṣómólú, ní àdúgbò tí ariwo ẹ̀rọ ti máa ń jí ènìyàn kí àkùkọ tó kọ. Báńà ni mò ń tẹ̀ jù: báńà òkú, báńà ìkómọ, báńà ìsọjí. Ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi mí léèrè èyí tí mo kórìíra jù, báńà àwọn olùrànlọ́wọ́ láti òkè òkun ni. Mo ti mọ bó ṣe máa ń lọ. Báńà á kọ́kọ́ dé, ìrànlọ́wọ́ á máa bọ̀ lẹ́yìn, bó bá fẹ́ bọ̀. Tí kò bá wá bọ̀, báńà á di òrùlé ilé pákó kan létí ọ̀sà, òjò á sì máa rọ̀ sórí "Ìdàgbàsókè fún Gbogbo Ènìyàn."

Àbúrò obìnrin kan ṣoṣo ni mo ní. Ẹ̀gbá ni wá, ilé bàbá wa ò mọ nǹkan kan nípa ẹja ju ká jẹ ẹ́ lọ. Ṣùgbọ́n apẹja ló fẹ́ ní Ìlàjẹ, ní Bàrígà, ìyá ọkọ rẹ̀ ló sì kọ́ ọ ní ẹja yíyan. Nígbà tó yá, ọkọ bá ọkọ̀ ojú omi lọ ṣiṣẹ́ ní Gàbọ́ọ̀nù. Ó kọ́kọ́ ń pè, lẹ́yìn náà ó ń pè lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, nígbà tó ṣe, a ò gbúròó rẹ̀ mọ́. Àbúrò mi gbájú mọ́ èpìyà àti ọ̀bọ̀kún rẹ̀ nínú àgọ́ pákó kan lẹ́bàá omi, níbi tí ààrò tí wọ́n fi dúrọ́ọ̀mù ṣe wà. Ohun kan ṣoṣo ló máa ń sọ fún mi: pé àwọn ọmọ òun ti pàdánù bàbá fún ìrìnàjò, wọn ò ní pàdánù ìyá fún un. Ẹja yẹn ló fẹ́ fi mú ọ̀rọ̀ yẹn ṣẹ.

Àjọ kan wá dé láti òkè òkun. Wọ́n ní èéfín àgọ́ yẹn ń ba ojú àti àyà àwọn obìnrin jẹ́. N kò bá wọn jiyàn, nítorí àbúrò mi ń húkọ́, ojú rẹ̀ sì máa ń pọ́n ní gbogbo ìgbà. Wọ́n ní àwọn yóò kọ́ gbọ̀ngàn ẹja yíyan kan, tí èéfín rẹ̀ á máa gba òkè jáde, kálukú á sì ní ààrò tirẹ̀ nínú rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n yàn láti kọ́ ọ sí? Ibi tí àgọ́ àbúrò mi wà gan-an, torí pé ibẹ̀ ló súnmọ́ títì jù, kí mọ́tò àwọn àlejò lè débẹ̀ láì tẹ ẹrẹ̀. Wọ́n ní kí ó rẹ́rìn-ín níwájú ààrò rẹ̀, wọ́n ya fọ́tò rẹ̀ tán, wọ́n wó àgọ́ náà. Mo sọ fún ọmọbìnrin tó ń ṣe ògbufọ̀ fún wọn pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má ṣèyọnu, kò ní pẹ́ rárá."

Lóòótọ́, kò pẹ́. Gbọ̀ngàn parí, ó sì rẹwà. Wọ́n wá kùn ún ní funfun. Ẹ jọ̀ọ́, ta ló ń kun ilé tí wọ́n ti ń yan ẹja ní funfun? Wọ́n ní òun ló yẹ fọ́tò. Wọ́n ta ríbọ́ọ̀nù sí ẹnu ọ̀nà, ó ku àlejò pàtàkì tó máa wá gé e. Wọ́n gbé iṣẹ́ báńà wá fún mi, ni mo bá rí ojú àbúrò mi lórí kọ̀ǹpútà mi, ó ń rẹ́rìn-ín níwájú ààrò tí wọ́n ti wó.

Àlejò pàtàkì ò wá. Wọ́n ní ó wà ní Àbújá. Mo tẹ ọjọ́ tuntun sórí ègé báńà, mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti àkọ́kọ́. Wọ́n ní ìsinmi ti dé ní ìlú wọn. Mo tún lẹ òmíràn mọ́ ọn. Wọ́n ní òjò. Nígbà tó yá, ibi tí ọjọ́ wà lórí báńà yẹn ti nípọn bíi rọ́bà inú táyà kẹ̀kẹ́ tí wọ́n ti lẹ̀ ní àlẹ̀mọ́-lẹ̀mọ́.

Ní gbogbo àkókò yìí, àbúrò mi ò níbi tó ti máa yan ẹja. Àwọn obìnrin yòókù ń yá a ní ààrò tí wọ́n bá ti lo tiwọn tán, ṣùgbọ́n ẹja kì í dúró de ẹnikẹ́ni. Nígbà tí yóò bá fi kàn án, ẹja á ti rọ̀. Àwọn oníbàárà rẹ̀ láti Mushin bẹ̀rẹ̀ sí í yà sọ́dọ̀ ẹlòmíràn. Ni mo bá wọ kẹ̀kẹ́ Màrúwá, ó di Ìlàjẹ, lọ́dọ̀ ìyá ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ ẹja.

Mo ní, "Ìyá, ilé ti parí. Ríbọ́ọ̀nù lásán ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Ẹ jẹ́ kí wọ́n wọlé yan ẹja."

Ó wò mí bíi pé mo bú ìyá ọkọ mi. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹni tó fún èèyàn láṣọ ò ní rí i kó tó di àkísà ni? Tí a bá dáná níbẹ̀ lónìí, ògiri á dúdú. Àlejò á wá dé, wọ́n á ní àwọn fún wa ní ilé funfun, a sọ ọ́ di ihò èédú. Ṣé wọ́n á tún ṣe irú oore bẹ́ẹ̀ fún ẹlòmíì?"

"Ìyá, èédú ni wọ́n kọ́ ọ fún!"

"A mọ̀. Ṣùgbọ́n a kì í fi àìmoore pàdé àlejò."

Gbogbo obìnrin tó wà níbẹ̀ mi orí pé òótọ́ ni. Mo wẹ̀yìn, mo rí àbúrò mi, òun náà ń mi orí! Inú bí mi débi pé ẹ̀rín ló jáde lẹ́nu mi. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, òun náà wà lára àwọn tó gbálẹ̀ níwájú gbọ̀ngàn, tí wọ́n nu eruku kúrò lára ògiri tí wọn ò lè lò.

Ibi tí mo ti ń bínú sí àlejò àti sí ìyá ẹgbẹ́ ni àbúrò mi ti lọ bá aṣojú kan ní ilé òkè kan ní Palmgrove, tó ń kó àwọn obìnrin lọ ṣiṣẹ́ ilé ní ìlú àwọn Lárúbáwá. N kò mọ̀ títí tí ìwé ìrìnnà fi jáde. Mo pariwo. Mo ní ṣé kì í ṣe òun ló sọ pé ìyá ò ní lọ ni?

Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, èmi náà mọ ohun tí mo sọ. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ ò lè jẹ ọ̀rọ̀ ẹnu mi. Ẹ bá mi gbà wọ́n fún ọdún méjì péré. Tí mo bá dé, gbọ̀ngàn á ti ṣí."

Mo gbà wọ́n. Kí ni mo tún fẹ́ ṣe?

Kò pẹ́ tó lọ tí àlejò pàtàkì fi dé. Ẹ ò ní gbà mí gbọ́, àmọ́ bó ṣe rí nìyẹn. Mọ́tò tò sí títì, wọ́n na kánópì, wọ́n gbé báńà mi kọ́. Obìnrin kan jókòó tì mí, ara erékùṣù kan láàárín Òkun Pàsífíìkì. Àjọ náà ló mú un wá, kó wá jẹ́rìí bí irú gbọ̀ngàn yìí ṣe ṣe wọ́n lóore lọ́hùn-ún.

Wọ́n gé ríbọ́ọ̀nù. Ọkùnrin tó ń darí ètò wá na ọwọ́ sí báńà, ó ní, "Ìyá wa tó wà nínú fọ́tò yìí dà? Kó bọ́ síwájú kó bá àlejò wa sọ̀rọ̀!"

Ìyá ẹgbẹ́ wo ilẹ̀. Gbogbo ojú yí sọ́dọ̀ mi. Mo dìde, mo ní, "Kò sí níbí. Ó ti lọ ṣe ọmọ ọ̀dọ̀ ní ìlú àwọn Lárúbáwá."

Ọkùnrin náà ò tiẹ̀ jẹ́ kí n parí. Ó gbé ẹ̀rọ gbohùngbohùn sókè: "Ẹ pàtẹ́wọ́ o! Ìyá wa ti jápa! Ẹ ò rí i bí ìdàgbàsókè ṣe ń ṣiṣẹ́!"

Wọ́n pàtẹ́wọ́. Àlejò pàtàkì náà pàtẹ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín, bóyá kò gbọ́ ohun tí a sọ. Mo jókòó.

Obìnrin erékùṣù yẹn ò pàtẹ́wọ́. Ó rọra bi mí ní èdè òyìnbó pé ta ni obìnrin náà jẹ́ sí mi. Mo sọ fún un. Ó wo báńà náà títí, ó ní, "Gbọ̀ngàn tiwa náà dára. Àbúrò mi ọkùnrin ló wà nínú fọ́tò tiwọn. Ó ti lọ ká èso lóko àwọn tó kọ́ ọ fún wa. Ẹja inú agolo ni ìyá wa ń jẹ báyìí."

Mo ní, "Kí lẹ wá fẹ́ sọ níbí?"

Ó fi bébà ọwọ́ rẹ̀ hàn mí. "Ohun tí wọ́n kọ fún mi ni." Wọ́n pè é, ó dìde, ó sì kà á.

N kò ní purọ́, gbọ̀ngàn náà wúlò. Ẹja ń jáde níbẹ̀, èéfín ń gba òkè lọ, àwọn obìnrin ò húkọ́ bíi ti tẹ́lẹ̀, ògiri sì ti dúdú bó ṣe yẹ kó dúdú. Tí mo bá kó àwọn ọmọ lọ kí ìyá ẹgbẹ́, mo máa ń rí ààrò kan nígun ọ̀tún tó ṣì funfun báláú. Obìnrin méjì ti bẹ̀bẹ̀ fún un. Ìyá ẹgbẹ́ ní rárá, pé ti àbúrò mi tó fi ilẹ̀ àgọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ni, a kì í dáná sí ààrò olóore kó tó ti ọ̀nà dé.

Àbúrò mi pè lọ́jọ́ Àìkú tó kọjá. Ó béèrè àwọn ọmọ, ó béèrè ìtẹ̀wé, lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ta ni wọ́n wá fún ní ààrò tèmi?"

Mo ní, "Wọn ò fún ẹnikẹ́ni. Ó wà níbẹ̀. Wọ́n ń gbá abẹ́ rẹ̀ láràárọ̀."

Ni mo bá gbọ́ ohùn obìnrin kan lọ́nà jíjìn tó ń pariwo ní èdè tí n kò gbọ́, àbúrò mi sì ní, "Ọ̀gá mi ń pè mí," ó sì pa á.