Ọ̀rọ̀ Tí Bàbá Ará Ṣáínà Sọ ní Ṣọ́ọ̀ṣì Wa

Iṣẹ́ ìtọ́jú àgbàlagbà ni mò ń ṣe ní Peckham. Bàbá ará Ṣáínà kan wà tí mò ń lọ wẹ̀ fún láràárọ̀. Bí mo bá ti ń bá wọn wọ aṣọ, tẹlifíṣọ̀n ni wọ́n máa ń wò, tí wọ́n á máa bú àwọn olóṣèlú ilẹ̀ wọn.

Wọ́n ní nígbà èwe àwọn, ẹni tó bá fẹ́ sọ̀rọ̀ ìṣèlú kì í mú ìwé dání. Yóò gun pèpéle, yóò máa fi èdè abúlé rẹ̀ pariwo títí ohùn rẹ̀ yóò fi há, èrò á na ìkúùkù sókè, wọ́n á máa dá a lóhùn. Nígbà tó yá, ó di ìwé kíkà nípa iye ìrẹsì, irin àti ilé iṣẹ́ tí wọ́n ní. Ní báyìí, ọ̀gá á ka ìwé fún wákàtí mẹ́ta, àwọn tó jókòó nísàlẹ̀ á jọ ṣí ojú ewé kan náà, wọ́n á jọ pàtẹ́wọ́. Mo ní tiwa nílé sàn, irọ́ lásán ni tiwọn. Bàbá kò rẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n ní àwọn náà ti gun pèpéle yẹn rí, lọ́mọ ọdún mẹ́tàdínlógún. Ohun kan wà níbẹ̀ táwọn fẹ́ jẹ́wọ́ lójú àwùjọ káwọn tó kú. Ọmọ wọn ní Lewisham kò fẹ́ gbọ́ ọ.

Ọgbọ́n àgbọ́njù ló mú mi ronú kan ṣọ́ọ̀ṣì wa. A ń ṣe ọjọ́ àwọn àgbà, pásítọ̀ sì gbà kí bàbá wá sọ̀rọ̀. Mo ti bàbá lọ lórí àga onítáyà wọn. Kóòtù tó dára jù ni wọ́n wọ̀.

Wọ́n ń fi Gẹ̀ẹ́sì sọ̀rọ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹ sì mọ̀ wá: bí àgbà bá ti dánu dúró láti mí, àmín la ó fi gbè é.

“Wọ́n fún mi ní máìkì lórí pèpéle nílẹ̀ wa. Mo fẹ̀sùn kan bàbá mi lójú gbogbo ìlú.”

Ṣọ́ọ̀ṣì ṣe àmín.

“Bí ẹ ti ń dáhùn yìí ni wọ́n ń dáhùn. Wọ́n lù ú títí tó fi kú.”

Àmín náà tún dún. Ó wù mí kí n sọ pé èmi dákẹ́. Irọ́ ni. Ó ti jáde lẹ́nu mi kí ọ̀rọ̀ náà tó yé mi.

Bàbá wò mí. Wọ́n gbé máìkì lé itan, akọrin sì bẹ̀rẹ̀ orin.

Ní ọjọ́ Ajé, ọ́fíìsì pè mí pé kí n má lọ mọ́, bàbá ní kí wọ́n wá ẹlòmíràn. Mi ò bá wọn jiyàn. Ojú ń tì mí, ìtìjú náà kò sì tíì kúrò lára mi.