Ọkọ Mi Dọ̀bálẹ̀, Mo Ń Ṣe Àmín

Ẹnu mi mú. Gbogbo ẹni tó mọ ìsọ̀ mi ní Ọjà Ọba, níbi tí mo ti ń ta òwú, bọ́tìnnì àti sípù, ló lè jẹ́rìí sí i. Bí oníbàárà bá fojú di mí, kì í kúrò níwájú ìsọ̀ mi láìgba èsì tirẹ̀. Ìdí nìyí tí n kò fi rí àwáwí kankan fún ara mi lórí ọ̀rọ̀ ọjọ́ tí mo mú ọkọ mi bọ̀ láti ilé ìwòsàn. Kì í ṣe pé n kò lẹ́nu.

Télọ̀ ni ọkọ mi, ní Òkè-Ìlá ní Adó, níbi tí à ń gbé. Ojú òsì rẹ̀ kò wúlò. Òkúta ló bà á nígbà tó wà lọ́mọdé, òjìji lásán ló ń fi rí. Ojú ọ̀tún ló fi ń ṣe ohun gbogbo. Òun ń ríran dáadáa, àmọ́ ìpéǹpéjú rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí wálẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí ó fi bo ẹyinjú dé ìdajì. Bó bá ń ránṣọ, á gbé àgbọ̀n sókè bí ẹni tó ń wo àjà. Àwọn oníbàárà ní oorun ló ń sùn nídìí máṣínì. Èmi gan-an máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́, mo ń pè é ní Alága nítorí bó ṣe máa ń gbé orí sẹ́yìn. Ìgbà tó ṣi aṣọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ wa gé ni yẹ̀yẹ́ tán. Dókítà ní iṣẹ́ abẹ kékeré ni, wọ́n á gbé ìpéǹpéjú náà sókè, á sì padà sílé lọ́jọ́ náà.

Wọ́n ṣe é láàárọ̀. Nígbà tí wọ́n mú un jáde, bándéèjì funfun ti bo ojú ọ̀tún, ó na ọwọ́ méjèèjì síwájú, ó ń wá mi. N kò rí ọkọ mi bẹ́ẹ̀ rí.

Nọ́ọ̀sì bi mí pé, "Ta ló máa mú wọn délé?"

"Èmi ni."

Ó ní kí n fọwọ́ síwèé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí to ìkìlọ̀ fún mi. "Orí wọn ò gbọdọ̀ lọ sílẹ̀ o, Mà. Bí nǹkan bá bọ́, ẹ bá wọn mú un. Ìrọ̀rí méjì ni kí wọ́n fi sùn. Wọn ò gbọdọ̀ gbé ẹrù. Ṣé Mùsùlùmí ni yín? Kí wọ́n jókòó kírun, kí wọ́n má forí kanlẹ̀."

Mo ní Kátólíìkì ni wá.

"Ó dáa. Bí ojú bá wá ń ro wọ́n kíkankíkan, tó ń wú síta, ẹ má dúró ro nǹkan kan, ẹ gbé wọn padà wá lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ lè dà sẹ́yìn ojú. Kì í pẹ́ tó fi ń ba ojú jẹ́."

Nọ́ọ̀sì yẹn rántí ìrun, kò rántí ìdọ̀bálẹ̀. Nígbà mìíràn mo máa ń fẹ́ di ẹ̀bi rù ú. Ṣùgbọ́n etí ara mi ni mo fi gbọ́ pé kó má forí kanlẹ̀. Ṣé n kò mọ irú ilé tí mo ti wá ni?

Mo gba tákísí, àwa méjì nìkan, mo fi orí rẹ̀ ti èjìká mi. Kí a tó kọjá oríta Fájuyì, mo ti bá dírẹ́bà jà lẹ́ẹ̀mẹta. Ó gba orí bọ́ǹpù kan bí ẹni tí wọ́n ń lé.

"Ṣé iṣu lo kó sẹ́yìn ọkọ̀ ni? O ò rí i pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣiṣẹ́ abẹ fún wọn ni?"

"Ẹ má bínú, Mọ́mì."

"Mi ò bínú. Wa ọkọ̀ rẹ jẹ́jẹ́."

Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀, aládùúgbò wa kan sáré bọ̀, ó fẹ́ fọwọ́ kan bándéèjì. Mo na ọwọ́ dá a dúró. Mo ní kó padà wá lọ́la, kó jẹ́ kí aláìsàn sinmi. Ó bínú lọ, n kò kà á sí.

Ọkọ mi rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó mi, bí ogun bá dé Adó, ìwọ ni wọ́n máa rán síwájú."

Bàbá mi ló jókòó sórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa. Ó ti Ìgèdè wá láàárọ̀ pẹ̀lú iṣu mẹ́fà nínú àpò, ó wá kí àna rẹ̀.

Ọmọ Ọ̀ṣun ni ọkọ mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ mú un lọ sí Ìgèdè, ó bẹ̀rẹ̀, ó fi ìka kan ilẹ̀ bí àwọn ọmọ ìgboro ti ń ṣe. Bàbá mi kọjú sí ìyá mi, ó fi èdè Ìgèdè sọ pé, "Ẹni tí àyà rẹ̀ kò lè kan ilẹ̀ ulé mi, kò lè fẹ́ ọmọ mi." Ọ̀rọ̀ yẹn dá ìgbéyàwó wa dúró fún ọdún kan gbáko. Láti ọjọ́ tí ọkọ mi ti padà lọ dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kò fi ìdọ̀bálẹ̀ ṣeré mọ́. Mo ti rí i tó nà gbalaja fún bàbá mi nínú ẹrẹ̀, pẹ̀lú aṣọ funfun Ọjọ́ Àjíǹde lọ́rùn. Bàbá náà sì wá fẹ́ràn rẹ̀ ju àwọn ọmọkùnrin tó bí lọ.

Ọkọ mi kò rí i lọ́jọ́ náà. Ohùn ló gbọ́.

"Ẹ kú àbọ̀ o. Ṣé uṣẹ́ abẹ ọ̀hún ti parí? Mo ti wà nínú ulé yín látàárọ̀."

Mo mọ̀ ọ́n lára pé ó fẹ́ lọ sílẹ̀. Apá rẹ̀ ń yọ́ kúrò lọ́wọ́ mi. Ọ̀rọ̀ náà ti wà lórí ahọ́n mi: Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, dókítà ní kò gbọdọ̀ dọ̀bálẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Mo ro bí ojú bàbá mi yóò ṣe le. Mo rò pé yóò ní èmi ni mò ń kọ́ ọkọ mi ní ìwàkíwà. Mo tún rò pé ẹ̀ẹ̀kan péré ni, yóò dìde kíá. Mo dákẹ́.

Ó dọ̀bálẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì, àyà kanlẹ̀, iwájú orí kanlẹ̀.

Kò sì dìde kíá, nítorí bàbá mi bẹ̀rẹ̀ sí súre. Ta ló ń dìde nígbà tí àgbà ń súre fún un? Bàbá mi ti ṣe katikíìsì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àdúrà rẹ̀ kì í kúrú. Ó ní, "Ojú rẹ kò ní fọ́." Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo ní àmín. "Uṣẹ́ ọwọ́ rẹ kò ní bàjẹ́." Àmín. "Wọn kò ní fà ọ́ lọ́wọ́ rìn." Àmín. Ó súre fún abẹ́rẹ́, ó súre fún sísọ́ọ̀sì, ó súre fún àwọn ọmọ wa tó wà nílé ìwé. Àmín tèmi ló pariwo jù, bí ẹni pé òun ni yóò ṣe iṣẹ́ tí ẹnu mi kọ̀ láti ṣe.

Nígbà tó dìde, ẹ̀jẹ̀ ti yọ lára bándéèjì, ó tó bọ́tìnnì kékeré.

"Kò burú," ló sọ sí mi létí.

Mo mú un wọ yàrá, mo to ìrọ̀rí méjì sí i lórí, mo bọ́ sẹ́yìnkùlé láti gún iyán fún bàbá mi. Kò sí bí bàbá mi yóò ṣe ti Ìgèdè gbé iṣu wá kó má jẹ iyán rẹ̀. Mo ṣì ń gún un lọ́wọ́ tí mo gbọ́ tí ọkọ mi rọra ń pè mí. Nígbà tí mo wọlé, ó ti di etí bẹ́ẹ̀dì mú.

"Ó ń ro mí. Ó ń ṣe bí ẹni pé ẹnì kan ń fi àtàǹpàkò ti ojú yìí jáde láti inú."

"Kí n lọ sọ fún Bàbá, ká máa lọ?"

"Wọ́n á rò pé torí pé mo dọ̀bálẹ̀ fún wọn ni. Jẹ́ kí wọ́n jẹun tán."

Mo sì jẹ́ kó jẹun tán. Ẹ gbọ́ mi o: mo bu iyán, mo bu ọbẹ̀, mo gbé omi ìfọwọ́ síwájú bàbá mi, mo jókòó tì í. Ó sọ̀rọ̀ oko, ó sọ̀rọ̀ òjò tó dá. Mo ń sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo tún sìn ín dé oríta, mo dúró títí ó fi rí ọ̀kadà gùn. Ìgbà tó yí kọ̀rọ̀ ni mo tó sáré padà sílé. Ọkọ mi ti bì sórí ìrọ̀rí, kò sì lè sọ̀rọ̀ mọ́.

Nígbà tí mo gbé e padà dé ilé ìwòsàn, dókítà já okùn tí wọ́n fi rán ìpéǹpéjú náà lójú kan náà, ẹ̀jẹ̀ dúdú sì tú jáde. Ó bi mí pé ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀. Mo ní kò tíì pẹ́. Ó bi mí bóyá ó ṣubú, àbí ó tẹrí ba. Mo ní rárá. Ó ní irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ lè dà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni ṣe nǹkan kan, àmọ́ wákàtí tó fi dúró sẹ́yìn ojú ló pa iṣan tí a fi ń ríran. Ó ní ká ní a tètè dé ni.

Nígbà tí wọ́n tú bándéèjì náà kẹ́yìn, ìpéǹpéjú dúró dáadáa. Ó gbéra sókè, ó gún régé, ó bá ti òsì mu. Ẹyinjú hàn gbangba lábẹ́ rẹ̀. Kò rí nǹkan kan.

Mo ti da aṣọ bo máṣínì rẹ̀. Ó ń bá mi jókòó ní Ọjà Ọba báyìí, ó ń fi ìka ṣa bọ́tìnnì, oníhò méjì lọ́tọ̀, oníhò mẹ́rin lọ́tọ̀. Kò bá mi jà rí. Ì bá dára kó bá mi jà.

Ní Ìgèdè, gbogbo ènìyàn ló gbà pé dókítà ló fọ́ ojú àna bàbá mi. Bàbá mi ló ń sọ ọ́ káàkiri. Ọkọ mi bẹ̀ mí pé kí n má sọ òótọ́ fún un, nítorí ó lè pa arúgbó náà. Mo gbà fún un. Dókítà tó ṣe iṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ ń jẹ èébú, èmi sì ń ta òwú.

Bàbá mi wá kí wa lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ọkọ mi gbọ́ ohùn rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ tá ilẹ̀ wò, ó dọ̀bálẹ̀. Ibi tó kọjú sí kò tọ́, bàbá mi ló rìn lọ síwájú rẹ̀. Ó ń sunkún bó ti ń gbàdúrà. Ó ní, "Ẹni tó fọ́ ojú yìí, Ọlọ́run á san án fún un. Yóò bá a dé ulé rẹ̀." Ọkọ mi kò ṣe àmín. Ó fi orí kan sìmẹ́ńtì. Bàbá mi dúró, ó ń retí.

Mo kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọkọ mi, mo ní, "Àmín."