Ẹ̀rọ Tí Mo Ṣe fún Etí Bọ́sẹ̀

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fún mi láyè, kí n ròyìn ohun tó bá mi nígbà tí mò ń tún rédíò ṣe ní Okitipupa.

Bọ́sẹ̀ ìyàwó mi, ọmọ Erinje, ṣẹ̀ṣẹ̀ bí Tọ́lá ni nígbà náà. Ibà dá Bọ́sẹ̀ dùbúlẹ̀. Nígbà tí ara rẹ̀ yá, etí rẹ̀ kò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Tọ́lá á máa ké lórí ẹní, Bọ́sẹ̀ á kọ̀yìn sí i, á máa bó gbágùúdá, kò ní mọ̀!

Àwọn dókítà ní etí ti bàjẹ́ pátápátá. Ṣé èmi tí mò ń jí rédíò tó ti kú dìde máa gbà bẹ́ẹ̀? N ò gbà.

Àbúrò mi dé láti ìlú òyìnbó, ó mú ẹ̀rọ kékeré kan wá fún mi. Kò ju èékánná lọ, ẹsẹ̀ mẹ́jọ ló ní. Op-amp ni wọ́n ń pè é. Ó ṣàlàyé pé ojú ọ̀nà méjì ló fi ń gba iná wọlé, pé ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì ló ń sọ di ńlá, ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún. Tí a kò bá dá díẹ̀ padà láti ibi tó ń jáde sí ọ̀kan nínú ojú ọ̀nà náà, kò ní ṣeé kó níjàánu. Ó tún ní bó ti wù kó lágbára tó, kò lè kọjá agbára bátìrì tó ń gbé e.

Mo so ó mọ́ máìkì àti ìgbóhùn tí wọ́n ń fi sétí. Mo kọ́kọ́ dán an wò létí ara mi. Ẹ̀yin èèyàn mi, mo gbọ́ èémí Tọ́lá láti ẹnu ọ̀nà! Omi bọ́ lójú mi.

Mo fi í sétí Bọ́sẹ̀. Tọ́lá jí, ó figbe ta. Mo yí ohùn sókè títí ó fi há, bátìrì kò ní agbára kankan mọ́ tó lè fi kún un.

Bọ́sẹ̀ ń wo ẹnu ọmọ tó là sílẹ̀. Ó bi mí pé, “Bàbá Tọ́lá, ṣé ó ń ké báyìí?”

Àbúrò mi gbá mi léjìká mú. “Ẹ̀gbọ́n, ohùn ń wọlé. Etí tó máa gbà á ni kò sí.”

Mo pààrọ̀ bátìrì, mo pààrọ̀ wáyà, pàbó ni. Lọ́jọ́ kan Bọ́sẹ̀ yọ ẹ̀rọ náà létí fúnra rẹ̀, ó gbé e lé mi lọ́wọ́, ó ní kí n sinmi.

Tọ́lá ń dàgbà. Kò pẹ́ tó fi mọ̀ pé tí òun bá fẹ́ ìyá òun, aṣọ ni kóun fà, kóun má wulẹ̀ pè é.

Kí ni mo rí kọ́? Ẹ̀rọ a máa sọ kékeré di ńlá, ṣùgbọ́n bí nǹkan bá ti tán, ó tán. Ìfẹ́ pàápàá kò lè tún un ṣe. Ta ló ti sa gbogbo ipá rẹ̀ báyìí, tí kò já mọ́ nǹkan kan? Ẹ sọ tiyín fún mi, mò ń gbọ́.