Jẹnẹrétọ̀ Tí Wọ́n Kùn Lọ́dà

Yàrá kan náà lèmi àti ọ̀rẹ́ mi, ọmọ Kàbbà, jọ háyà ní Nyanya, ọ́fíìsì kan náà la sì ti jọ ń ṣiṣẹ́ ẹnjinía ní Àbújá. Ó mọ ìṣirò débi pé inú máa ń bí mi. Bí mo bá ń làágùn lórí iṣẹ́ mi, yóò kọjá lẹ́yìn mi, yóò ní, "Wò ó dáadáa, kì í jẹni."

Iṣẹ́ tirẹ̀ ni láti fi ìṣirò gbé ìwà jẹnẹrétọ̀ ńlá kan sínú kọ̀ǹpútà, ká lè mọ ohun tó máa ṣe kó tó ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ náà ló ń fún ilé omi kan lọ́nà Kuje níná. Wọ́n fẹ́ gbé pọ́ǹpù tuntun lé e, ọ̀gá wa sì fẹ́ mọ̀ bóyá agbára rẹ̀ á ká a.

Láàárọ̀ ọjọ́ kan nínú bọ́ọ̀sì, mo bi í léèrè bí èèyàn ṣe ń ṣírò ohun tó ń yí láìdúró. Bọ́ọ̀sì mìíràn ń bá tiwa sáré lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wa. Ó nawọ́ sí obìnrin kan tó jókòó lójú fèrèsé ibẹ̀.

"Ṣé ó ń sáré lójú ẹ?"

Mo ní rárá, mo tilẹ̀ ń rí yẹtí rẹ̀.

"Ohun tí mò ń ṣe nìyẹn. Mi ò kì í dúró nílẹ̀ wo ẹ̀rọ. Mo máa ń gùn ún ni, a ó jọ máa yí, gbogbo ẹ̀ á wá dúró jẹ́ẹ́."

Kai! Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ yẹn títí dòní.

Àmọ́ nígbà tí a dán jẹnẹrétọ̀ náà wò, ìlà tí kọ̀ǹpútà yà kò bá tirẹ̀ mu. Nínú ìṣirò, ó ń fì díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Lójúkojú, kíá ló dúró dáadáa. Ọ̀gá wa ní kí ọ̀rẹ́ mi máa yí nọ́ńbà títí méjèèjì yóò fi jọra. Bí kò bá jọra di ọjọ́ Ẹtì, àwọn yóò gbé iṣẹ́ náà fún òyìnbó, àwọn yóò sì dá òun náà padà sí ọ́fíìsì Kàdúná tó ti wá.

"Yí i, jọ̀ọ́," ni mo wí. "Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi. Tí mo bá yí i nítorí tòní, kí ni mo fẹ́ sọ fún wọn nípa pọ́ǹpù ọ̀la?"

Ẹ̀rù bà mí. N kò fẹ́ kó fi mí sílẹ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀, ó ní ká lọ wo ẹ̀rọ náà fúnra wa. Ní Àbújá ìgbà yẹn, bí àlejò ńlá bá ń bọ̀, ohunkóhun tí kò bá lè sá ni wọ́n máa ń kùn lọ́dà. Wọ́n ti kun jẹnẹrétọ̀ náà, tòun ti irin pẹlẹbẹ tí wọ́n kọ ìwà rẹ̀ sí. Ọ̀rẹ́ mi yọ kọ́bọ̀ kan, ó ń fi ha ọ̀dà náà, ó ń kọ orin ṣọ́ọ̀ṣì wọn lábẹ́lẹ̀. Lójijì, ó bú sẹ́rìn-ín. Iná tó ń yí ní ọgọ́ta ìgbà láàárín ìṣẹ́jú àáyá ni wọ́n ṣe ẹ̀rọ náà fún. Àádọ́ta ni tiwa ní Nàìjíríà. Wọ́n ti dín eré rẹ̀ kù kó lè bá tiwa mu, ṣùgbọ́n nọ́ńbà ti ọgọ́ta ni wọ́n kó fún wa.

Ó tún ìṣirò ṣe. Ní ọjọ́ Ẹtì, ìlà méjèèjì sùn léra wọn. Ọ̀gá wa wò ó títí.

"Èwo lo wá yí níbẹ̀?"

"Mi ò yí i kó lè jọra, sà. Bí a ti ń ṣe nílé wa, èèwọ̀ ibòmíràn ni. Mo bi ẹ̀rọ léèrè ilé ẹ̀ ni."

"Pọ́ǹpù yẹn ńkọ́?"

"Á gbé e, sà."

Lọ́jọ́ tí wọ́n tan pọ́ǹpù náà, gbogbo wa tẹjú mọ́ jẹnẹrétọ̀, ọ̀gá wa di irin ẹnu ọ̀nà mú. Ọ̀rẹ́ mi nìkan ló kẹ̀yìn sí i, ó ń jẹ ẹ̀pà.