Ojú Irin Tí Mo Tò Sórí Ilẹ̀kùn

Mo pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n ní ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ sí í ná náírà. Èmi àti ìyá mi là ń gbé nínú fúláàtì kékeré kan ní Àgùdà, ní òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Ìyá mi ń rán yunifọ́ọ̀mù fún àwọn ọmọ iléèwé. Èmi ń ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì iléèwé girama kan ní Yábàá: mò ń tẹ lẹ́tà, kọ́kọ́rọ́ yàrá ìkàwé sì wà lọ́wọ́ mi. N kò tíì lọ́kọ. Mo sọ èyí ṣáájú nítorí pé ọ̀rọ̀ ojú irin tí mo fẹ́ sọ àti ọ̀rọ̀ ọkọ wọnú ara wọn, n kò sì lè yọ ọ̀kan kúrò nínú èkejì.

Obìnrin òyìnbó kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì ń padà sí ìlú rẹ̀ lọ́dún náà. Ó ní kí àwa òṣìṣẹ́ wá mú ohun tó bá wù wá nínú ẹrù tí òun kò ní í kó lọ. Àwọn tó yára ti kó fáànù, ìkòkò àti kọ́tìnì. Nígbà tí mo fi máa ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì kí n tó dé ilé rẹ̀, páálí kan ṣoṣo ló kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Mo ṣí i. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú irin kan wà nínú rẹ̀, dúdú, kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ. Kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta wà níbẹ̀, àti irin gígùn àti irin títẹ̀ tí wọ́n fi bébà dì ní mẹ́rin-mẹ́rin, ẹ̀rọ kékeré kan tó ń dín agbára iná kù, àti ìwé pẹlẹbẹ tó ṣàlàyé bí a ṣe ń tò wọ́n. Mo kà wọ́n pẹ̀lú àkọsílẹ̀ ẹ̀yìn ìwé náà. Kò sí ohun tó dín.

N kò lè sọ pé mo fẹ́ràn ọkọ̀ ojú irin. Ẹ̀ẹ̀mejì péré ni mo ti wọ̀ ọ́ láti Ìdó, ìdúró ni mo sì wà nígbà méjèèjì títí mo fi dé ibi tí mò ń lọ. Ohun tó wù mí ni pé gbogbo rẹ̀ pé, kò sì sí ẹni tó tíì tò ó rí.

Lákòókò yẹn, ọkùnrin kan ti ń wá sílé wa ní gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn. Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà là ń lọ. Ìyàwó rẹ̀ ti kú ní ọdún mẹ́ta ṣáájú, wọn kò sì bímọ. Ilé ìtẹ̀wé kan ló ti ń ṣiṣẹ́, òun ló ń gán ìwé tó sì ń lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sístà ló ń pè mí, “ẹ” ló sì fi ń bá mi sọ̀rọ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó fi ọdún mẹ́jọ jù mí lọ. Èmi ń pè é ní Bùrọ̀dá. Nígbà tó di oṣù kẹfà tó ti ń wá, ó sọ ohun tó bá wá. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ní Ògbómọ̀ṣọ́ ti rí ọmọbìnrin kan fún òun nílé. Ẹ̀gbọ́n náà ń bọ̀ ní Èkó kí Kérésìmesì tó dé, òun sì gbọ́dọ̀ fún un lésì. Bí ọ̀rọ̀ tèmi bá dájú, ẹ̀gbọ́n òun yóò wá rí ìyá mi. Bí kò bá dájú, òun yóò fẹ́ ọmọbìnrin yẹn.

Mo ní mo gbà, ṣùgbọ́n n kò ní í kúrò nílé ìyá mi títí ọkọ̀ ojú irin náà yóò fi yí po lẹ́ẹ̀mẹ́wàá láì yẹ̀ kúrò lórí irin, pẹ̀lú òkè, ìbùdókọ̀ àti gbogbo ohun tó wà nínú àwòrán ìwé náà.

Ìdí rẹ̀ kò ju báyìí lọ. Mo ti fi iléèwé nọ́ọ̀sì sílẹ̀ ní oṣù karùn-ún tí mo débẹ̀. Mo kọ́ṣẹ́ ìránṣọ lọ́dọ̀ ìyá mi, n kò kọ́ ọ dé ibi kọ́là. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ kan tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ láti pósíọ́fíìsì, mo ka ìwé mẹ́ta nínú méjìlá. N kò fẹ́ lọ sílé ọkọ kí n tún fi ìdajì nǹkan mìíràn sílẹ̀ lẹ́yìn.

“Mẹ́wàá,” ọkùnrin náà ní. “Ó dáa.”

Ìyá mi, tó ń kan bọ́tìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, kò lè pa á mọ́ra. “Ìwọ ọmọ yìí, èèyàn lo fẹ́ fẹ́ ni àbí rélùwéè? Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá dé, ṣé ká sọ fún un pé ìyàwó ń dúró de ọkọ̀?”

“Ẹ fi wọ́n sílẹ̀, Màmá,” ọkùnrin náà ní. “Oṣù Kẹfà la ṣì wà.”

Onílé wa pààrọ̀ ilẹ̀kùn kíṣìnnì, mo tọrọ èyí tó yọ. Mo gbé e sórí àpótí mẹ́rin tó lẹ́sẹ̀, ní ìkángun pálọ̀, lábẹ́ fèrèsé. Mo fi sáńpépà họ ọ̀dà rẹ̀ kúrò, mo sì kan irin mọ́ ọn. Ìwé náà ní kí n fi àyè tó tó sísanra káàdì sílẹ̀ láàárín irin kan àti èkejì. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Lójú tèmi, ohun tí a bá fẹ́ kó dúró gbọ́dọ̀ fẹnu kan ara rẹ̀ pinpin. Ní ọ̀sẹ̀ tí òjò kọ́kọ́ dáwọ́ dúró, oòrùn ọ̀sán gba fèrèsé wọlé. Nígbà tí mo fi ti ibi iṣẹ́ dé, irin kan ti gbé ẹ̀yìn sókè bí ológbò tí ajá lé. Mo tú gbogbo rẹ̀, mo fi àyè sáàárín wọn bí ìwé ti wí, mo tún un kàn. Iṣẹ́ yẹn gba oṣù Keje lọ́wọ́ mi.

Ó wá ku òkè àti ìbùdókọ̀. Ìwé náà dárúkọ irú gọ́ọ̀mù kan tí n kò rí rà ní Yábàá, n kò sì rí i ní Mushin. Kò dà mí láàmú, nítorí pé sítáàṣì wà nílé. Sítáàṣì la fi ń lẹ nǹkan nígbà tí mo wà níléèwé, òun la fi ń lẹ àwòrán mọ́ ògiri kíláàsì. Ìyá mi ń sè é fún kọ́là yunifọ́ọ̀mù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo bù nínú ìkòkò rẹ̀, mo ya ìwé ìròyìn ní tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́, mo rì í bọ inú rẹ̀, mo sì fi ń bo nẹ́ẹ̀tì fèrèsé àtijọ́ tí mo ti tẹ̀ bí òkè. Mo gba lẹ́búlẹ́bú pákó lọ́wọ́ káfíńtà ìsàlẹ̀, mo pa á láró aláwọ̀ ewé, mo wọ́n ọn lé òkè náà bíi koríko. Páálí ṣẹ́ẹ̀tì ni mo fi ṣe ìbùdókọ̀. Fèrèsé mẹ́jọ ló ní, rúlà ni mo fi fà wọ́n.

Ọkùnrin náà ló ń kó ìwé ìròyìn wá fún mi. Ní ọjọ́ Àìkú kan, ó ti ìka bọ inú sítáàṣì, ó fi ìka méjì rà á, ó gbé e símú. Ó lọ fọwọ́.

Ní ìparí oṣù Kẹ̀wàá, mo jí ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àbámẹ́ta, mo rí ìlà dúdú kan tó sọ̀ kalẹ̀ láti ojú fèrèsé, tó gba ẹsẹ̀ àpótí gòkè wá sórí òkè mi. Eèrà ni. Wọ́n ti wọ inú òkè náà, wọ́n ti jẹ gbogbo ohun tó so ó pọ̀, ìdajì rẹ̀ sì ti wó sórí irin. Aáyán ti jẹ òrùlé ìbùdókọ̀ títí dé fèrèsé kẹta.

Ìyá mi wá dúró tì mí. “O da ẹ̀kọ kalẹ̀,” ó ní, “o wá ní kí eèrà máa wò ó níran.”

Nígbà tí ọkùnrin náà dé lọ́jọ́ kejì, ó wo ibi tó wó. “Ẹ ò fi álọ́ọ̀mù sí i,” ó ní.

“Kí ni álọ́ọ̀mù tí a fi ń mú omi tòrò fẹ́ ṣe níbẹ̀?”

“Sítáàṣì lásán, oúnjẹ ni. Níbi iṣẹ́ wa, a kì í fi lẹ ìwé láì fi álọ́ọ̀mù sí i. Ó máa ń jẹ́ kó korò lẹ́nu kòkòrò.”

Mo wò ó. “Ìgbà wo lẹ ti mọ̀ pé wọ́n máa jẹ ẹ́?”

“Ọjọ́ tí mo tọwọ́ bọ̀ ọ́.”

“Ẹ sì dákẹ́.”

“Mo dákẹ́.” Ó fi ìka ti lẹ́búlẹ́bú pákó díẹ̀ kúrò lórí irin. “Ẹ̀yin lẹ ní ẹ fẹ́ ṣe nǹkan kan parí. Bí mo bá ń sọ pé ẹ ṣe tibí, ẹ ṣe tọ̀hún, ta ló wá parí ẹ̀? Èmi ni mo sì fẹ́ kó tètè yá. Mo rò pé kò yẹ kí n dá sí i.”

“Oṣù méjì ni mo fi ṣòfò, Bùrọ̀dá.”

“Mo mọ̀. Ẹ má bínú.”

Mo bínú. Mo ní kó má wá fún ọjọ́ Àìkú méjì, kò sì wá. Ìyá mi ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ ìránṣọ, ó ń sọ ọ́ fún aṣọ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ pé ọmọbìnrin Ògbómọ̀ṣọ́ kò ní rélùwéè, òwò rẹ̀ ló gbájú mọ́. Mo gbọ́. Nígbà tí mo rò ó dáadáa, mo rí i pé bí ọkùnrin náà bá ti sọ ọ́ lọ́jọ́ tó tọwọ́ bọ sítáàṣì, ǹ bá ti ní kó kúkú wá ṣe é, ǹ bá sì ti wá ibì kan jókòó sí.

Lọ́jọ́ Àìkú kẹta, mo dúró dè é lẹ́nu géètì ṣọ́ọ̀ṣì. Mo bi í pé báwo ni wọ́n ṣe ń po álọ́ọ̀mù mọ́ sítáàṣì. Ó ní ṣíbí tíì kan sí agolo mílíìkì kan, kí n kọ́kọ́ fi omi gbígbóná yọ́ ọ. Kò fi ohunkóhun kún un.

“Ṣé kí n máa bọ̀ nílé?” ó ní.

“Ẹ máa bọ̀.”

Mo tún òkè náà ṣe láti ìsàlẹ̀. Ìyá mi fúnra rẹ̀ ló wá agolo mẹ́rìndínlógún, ó bu kẹrosíìnì sínú wọn, ó ní kí n ki ẹsẹ̀ àpótí bọ̀ wọ́n bí a ti ń ṣe fún kọ́bọ́ọ̀dù oúnjẹ. Pálọ̀ ń rùn. Ṣùgbọ́n eèrà kò wá mọ́, aáyán kò sì wá.

Ẹ̀gbọ́n ọkùnrin náà dé sí ilé rẹ̀ ní Mushin ní ọ̀sẹ̀ kejì oṣù Kejìlá. Ọjọ́ Ajé ló fẹ́ padà. Ní aago mẹ́rin ọjọ́ Àìkú tó ṣáájú ọjọ́ náà, mo gbé ẹ́ńjìnnì àti kọ́ọ̀ṣì mẹ́ta sórí irin, níwájú ìbùdókọ̀. N kò tíì jẹ́ kó yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ rí. Ọkùnrin náà mú pẹ́ńsù àti ẹ̀yìn àpòòwé kan. Ìyá mi jókòó sórí àga ìránṣọ rẹ̀, ó káwọ́ gbera.

Mo tan iná. Ó lọ. Ó gba ẹ̀yìn òkè, ó jáde, ó kọjá níwájú wa, ọkùnrin náà fa ìlà kan. Ní ìyípo kẹrin, ìyá mi bẹ̀rẹ̀ sí í kà á sókè. Ní ìkeje, kọ́ọ̀ṣì ìkẹyìn gbọ̀n lórí oríkèé irin kan, ó sì kọjá. Ní ìkẹsàn-án, ó kọjá níwájú ìbùdókọ̀ láì gbọ̀n rárá. Ó wọ ẹ̀yìn òkè, kò sì jáde. Fáànù orí wa rọra ń dẹwọ́. Iná ti lọ.

“Ó ti dé ìdajì ìkẹwàá!” ìyá mi ní. “Ẹ jẹ́ ká pè é ní mẹ́wàá jàre. Ta ló ń bá yín kà á?”

Èmi wo ọkùnrin náà. Ó ń wo ẹ̀yìn àpòòwé.

“Mẹ́sàn-án ni, Màmá,” ó ní. “Kò tíì pé.”

“Ìwọ náà! Ta lò ń gbèjà gan-an?”

A dúró de iná. Ìyá mi fún un ní omi, ó mu ún. Aago márùn-ún lù, ó kọjá, iná kò dé. Ó wá dìde, ó fi àpòòwé náà sápò.

“Ẹ̀gbọ́n mi máa bi mí lálẹ́ yìí,” ó ní. “Màá sọ fún wọn pé ó ku ọ̀kan.”

“Ẹ sọ fún wọn pé kí wọ́n wá rí ìyá mi lọ́la, kí wọ́n tó lọ wọkọ̀.”

Ó dúró. “Ìyípo kẹwàá ńkọ́?”

“Ó ṣì wà nílẹ̀ títí iná á fi dé,” mo ní. “Ẹ jẹ́ kí wọ́n máa bọ̀.”