Fáírọ́ọ̀sì Ìyá Fìrísà

Bí iná bá lọ, fìtílà ni gbogbo wa ń wá nílé. Bàtà ni ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ń wá ní tirẹ̀. Ilé ìwádìí àrùn tó ti ń ṣiṣẹ́ ni ó ń sáré lọ, torí pé ẹran ara àwọn aláìsàn wà nínú fìrísà ńlá kan níbẹ̀, kò sì gbọdọ̀ yọ́. Ó ti fi ọbẹ̀ sílẹ̀ lórí iná rí. Ó ti fi èmi náà sílẹ̀ rí, nígbà tí ó fá orí mi dé ìdajì. Ọjọ́ náà ni mo sọ ọ́ ní Ìyá Fìrísà, tí gbogbo àdúgbò gbà á lẹ́nu mi.

Fáírọ́ọ̀sì tí ń fa jẹjẹrẹ ni ó ń wá kiri. Ó ní kòkòrò àrùn ni, ó kéré débi pé ojú lásán kò lè rí i, ó sì lè jókòó jẹ́ẹ́ sínú ara fún ọdún pípẹ́ kí ó tó da ilé rú. Màmá wa kò ka á sí.

"Ohun tójú ò rí lò ń lé kiri," ni Màmá máa ń wí. "Ọkọ tójú ń rí ńkọ́?"

Awakọ̀ àgbà kan ni ó kọ́kọ́ jẹ́ kí wọ́n gé ẹran díẹ̀ nínú ọ̀fun rẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi láti yẹ̀ wò. Bàbá yìí kò mu sìgá rí, kò fẹnu kan ọtí, síbẹ̀ jẹjẹrẹ mú un lọ́fun. Ohùn tí ó fi ń bú gbogbo awakọ̀ tó bá gba iwájú rẹ̀ wá di wúyẹ́wúyẹ́. Ó bi ẹ̀gbọ́n mi pé, "Ọmọ mi, kí ló ṣe mí gan-an?" Ẹ̀gbọ́n mi ṣèlérí pé òun á wá a rí.

Ó sì rí i. Fáírọ́ọ̀sì kan tí ẹnikẹ́ni kò bá nínú ọ̀fun rí ni ó wà nínú ẹran bàbá náà, àti nínú ti gbogbo aláìsàn tó kù. Ẹ̀gbọ́n mi jó wọlé. Ó lọ sọ fún awakọ̀, bàbá sunkún ayọ̀. Àwọn onímọ̀ pè é pé kó wá sọ̀rọ̀ níbi ìpàdé ńlá wọn. Màmá ránṣọ tuntun, ó sì ní dandan ni kí wọ́n fi orúkọ ìdílé wa sọ fáírọ́ọ̀sì náà.

Mo ní, "Màmá, àrùn mà ni."

"Àrùn tó lókìkí sàn ju ọmọ tí ò níṣẹ́ lọ," ó wí, ó sì tẹjú mọ́ mi.

Nínú iṣẹ́ wọn, wọ́n máa ń fi omi lásán sínú ìgò kékeré kan, wọn a sì ṣe é gẹ́gẹ́ bí wọ́n ti ń ṣe ẹran. Bí iṣẹ́ bá mọ́, nǹkan kan kò gbọdọ̀ yọ nínú omi. Alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ kan ló ń ṣe ti omi tẹ́lẹ̀. Nígbà tí ìpàdé ku ọ̀sẹ̀ kan, alábàáṣiṣẹ́ yìí kò wá, ẹ̀gbọ́n mi sì fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é. Fáírọ́ọ̀sì yọ nínú omi. Omi kò sì ní ọ̀fun.

Ó da omi nù, ó lo tuntun, fáírọ́ọ̀sì tún yọ. Ó fọ tábìlì, ó pààrọ̀ gbogbo ìgò, pàbó ló já sí. Ìgbà tó yá ni ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Bí ìdérí ìgò bá le, ẹ̀gbọ́n mi a bọ́ ìbọ̀wọ́, a fi èékánná àtàǹpàkò ṣí i. Kókó líle kékeré kan sì wà ní àtàǹpàkò náà láti ìgbà pípẹ́. Ó ha kókó náà díẹ̀, ó yẹ̀ ẹ́ wò.

"Èmi ni," ó wí nígbà tó délé. "Inú kókó àtàǹpàkò mi ni fáírọ́ọ̀sì náà wà, òun ni mo ń kó sínú gbogbo wọn."

Mo rẹ́rìn-ín títí mo fi jábọ́ lórí àga. Òun kò rẹ́rìn-ín.

"Kí ni mo fẹ́ lọ sọ fún Bàbá Awakọ̀?" Ẹ̀rín gbẹ lẹ́nu mi.

Ọ̀gá rẹ̀ ní kó fọkàn balẹ̀. "Ta ló ń wo omi? Yọ omi kúrò, sọ̀rọ̀ ẹran."

"Ọ̀gá, àwọn dókítà á wá máa lé àtàǹpàkò mi kiri nínú ọ̀fun ọlọ́fun."

Níbi ìpàdé, ó tú gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó sì na àtàǹpàkò sókè kí wọ́n rí i. Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín. Màmá pàtẹ́wọ́ ju gbogbo wọn lọ, nítorí kò gbọ́ nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà, ó kàn rí i pé inú àwọn èèyàn dùn. Ojú ọ̀gá nìkan ló le bí òkúta.

Lọ́jọ́ kejì mo sin ẹ̀gbọ́n mi dé ilé awakọ̀. Àánú rẹ̀ ṣe mí lójú ọ̀nà. Ó kúnlẹ̀ síwájú bàbá tó ti rù kan egungun.

"Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Èyí tí mo ní mo rí lọ́fun yín, ọwọ́ mi ló ti wá. Mi ò tíì mọ ohun tó ṣe yín."

Bàbá gba ọwọ́ rẹ̀, ó yí àtàǹpàkò náà síbí, ó yí i sọ́hùn-ún. Èjìká rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì. Ẹ̀rín ló ń rín, ohùn ni kò sí. Ó wá la ẹnu gbàgà, ó nàka sínú rẹ̀.

"Ọ̀fun ṣì kù díẹ̀," ó wí wúyẹ́wúyẹ́. "Ṣáà yára."