Ike Méjìlá Màmá Fọlákẹ́

Bí ẹ bá dé ilé ìwòsàn aládàáni kan báyìí nítòsí àdúgbò Sotega, tí ẹ bèèrè ẹni tó ń tọ́jú ẹrù wọn, Màmá Fọlákẹ́ ni wọ́n máa júwe fún yín. Adéfọlákẹ́ lorúkọ rẹ̀ gan-an. Ọmọ Òṣogbo ni, ìyá ìjọ ni, ó sì le. Abẹ́ ilẹ̀ ni sítọ́ọ̀ rẹ̀ wà. Kò ní fèrèsé, ó tutù, ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ló ní. Tí ìbọ̀wọ́ kan bá dín níbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa gbádùn oúnjẹ ọ̀sán lọ́jọ́ náà.

Ìgbà tí Thierry, òṣìṣẹ́ tó ń yẹ ibi iṣẹ́ wò bóyá ó léwu, máa dé, ike róbótó dúdú méjìlá ló kó wá. Ó ní afẹ́fẹ́ kan wà tí wọ́n ń pè ní rádọ́ọ̀nù, inú ilẹ̀ ló ti ń rú jáde. Kò lóòórùn, kò láwọ̀, ṣùgbọ́n téèyàn bá ń fà á símú lọ́pọ̀ ọdún, ó lè fa jẹjẹrẹ sí ẹ̀dọ̀fóró. Àwọn ike náà ló máa sọ bó ṣe pọ̀ tó níbi tí dókítà àti nọ́ọ̀sì ti ń ṣiṣẹ́. Wọ́n fi wọ́n sí yàrá méjìlá fún oṣù mẹ́ta. Ọ̀kan wà ní sítọ́ọ̀, àwọn yòókù wà lókè. Ta ló máa fọwọ́ síwèé pé òun gbà wọ́n? Ta ló tún kù?

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ìkankan sọnù o," ni Thierry wí, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Kò rántí sọ pé kí wọ́n má ṣí wọn nípò.

Adéfọlákẹ́ wo ike tó rẹwà báyẹn lára ògiri, ó wo èrò tó ń wọlé tó ń jáde. Ó ní kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n á ti máa tà á lọ́jà Mont-Bouët. Ni ìyá bá mú apẹ̀rẹ̀. Ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ojoojúmọ́, á kó wọn jọ bí ẹni ń kó adìẹ wọlé, á kà wọ́n, á tì wọ́n mọ́ sítọ́ọ̀. Tó bá di aago méje àárọ̀, á dá kálukú padà sáyè rẹ̀. Tó bá di ọjọ́ Ẹtì, ó di ọjọ́ Ajé kí wọ́n tó tún jáde. Oṣù mẹ́ta gbáko ló fi ṣe é, inú rẹ̀ sì ń dùn sí ara rẹ̀.

Èsì dé. Dókítà Julius tó jẹ́ ọ̀gá àgbà pè é sí ọ́fíìsì pẹ̀lú Thierry àti Chloé, olórí àwọn agbẹ̀bí. Thierry ń họrí.

"Ti sítọ́ọ̀ ló ga jù, ìyẹn ò yà mí lẹ́nu. Àmọ́ gbogbo yòókù ló ga, títí kan ti àjà kẹta. Mi ò rí irú ẹ̀ rí."

Dókítà Julius ní òun ò lè fi ẹ̀mí òṣìṣẹ́ ṣeré, àwọn máa ti wọ́ọ̀dù ìgbẹ̀bí pa láti ọjọ́ Ajé. Chloé bú sẹ́kún. Ó ní ibo ni kí àwọn aboyún tó fẹ́ bímọ lọ́sẹ̀ náà gbà lọ?

Adéfọlákẹ́ rántí apẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Ó ti yé e. Tó bá dákẹ́, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. Tó bá sọ̀rọ̀, orúkọ rere tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́ bàjẹ́ nìyẹn. Òótọ́ korò, ṣùgbọ́n ẹkún Chloé náà ò ṣeé gbọ́. Ó dìde.

"Ọ̀gá, ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ń kó wọn lọ sùn."

"Ẹ ń kó kí ni lọ sùn?"

Ó rò fún wọn látòkèdélẹ̀, kò fi apẹ̀rẹ̀ pamọ́. Thierry rẹ́rìn-ín títí ó fi di tábìlì mú. Chloé ń nu ojú, òun náà ń rẹ́rìn-ín. Ìtìjú bo ìyá, ó sorí kọ́.

"A ò ní ti ìgbẹ̀bí mọ́," ni Thierry wí. "A máa gbé ike mìíràn síbẹ̀. Kì í ṣe òkè ni àwọn ike yìí ti gba gbogbo afẹ́fẹ́ yìí, sítọ́ọ̀ tí wọ́n ń sùn sí ni..."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu rẹ̀. Ó tún wo ìwé èsì, ó gbójú sókè.

"Màmá, ọdún mélòó lẹ ti ń jókòó nínú yàrá yẹn?"

"Mọ́kànlá," ni Adéfọlákẹ́ wí.

Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín mọ́. Chloé dìde, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú, wọ́n sì jọ jáde lọ síta.